Bí A Ṣe Ń Gba Ẹni Tí Yóò Máa Bá Wa Tún Ilé Ṣe, àti Bí A Ṣe Ń Bá A Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Ohun tó máa ń da àárín onílé àti ẹni tó ń bá a tún ilé ṣe rú kì í sábà jẹ́ olè tàbí ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ yanjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Onílé ní kí wọ́n bá òun tún ilé ṣe, ó ní in lọ́kàn pé wọn yóò fọ lúfà, wọn yóò gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn yóò ha ìdí ìkòkò. Ẹni tó gbà iṣẹ́ náà rò pé gbígbá, nínù àti fífọ abọ́ ni. Kí oṣù tó pé, onílé ń bínú pé ilé ò mọ́, òṣìṣẹ́ ń bínú pé iṣẹ́ pọ̀ ju owó lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Lórí iṣẹ́ àti owó, odindi ni kí ẹ sọ.

Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni àgbàlagbà tó ń ti ilé ara rẹ̀ wá, tó ń ṣiṣẹ́ tán, tó sì ń padà sílé. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ mi ti wá. Fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, iye owó nìkan ni yóò yí padà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka iṣẹ́ ilé yín kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni

Ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ rìn yí ilé ká láti yàrá dé yàrá. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa ṣe níbẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ìgbà. Bálùwẹ̀ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá. Fáànù òkè, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Lúfà àti nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà ọyẹ́.

Ẹ má fojú kéré lúfà yìí. Bí fèrèsé kan bá ní gíláàsì 10, tí ilé sì ní fèrèsé 8, gíláàsì 80 nìyẹn, tojú tẹ̀yìn ni wọ́n sì ń nù ún, ó di ojú 160. Etí gíláàsì náà ń géni lọ́wọ́, omi rẹ̀ kì í pẹ́ dọ̀tí, wọ́n ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní "ẹ kàn bá mi nu fèrèsé" kí wọ́n tó máa lọ sílé ti gbé iṣẹ́ odindi ọ̀sán kan kalẹ̀ láìmọ̀.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fúnra yín ṣe é lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ẹ máa wo aago. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ iye wákàtí tí ilé òun ń gbà. Ẹni tí kò fọ bálùwẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti kó wọlé kò lè dá owó fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Fífọ aṣọ lọ́wọ́, lílọ aṣọ, oúnjẹ sísè, wíwo ọmọ: iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ mọ́ iṣẹ́ túnlé-ṣe, ẹ dá orúkọ rẹ̀ kọ, ẹ dá owó rẹ̀ sí i. Ibi tí ìjà ti pọ̀ jù nìyí: ìdọ̀tí ilé ni wọ́n gba èèyàn fún, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, aṣọ ọmọ mẹ́rin ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dúró dè é.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ omi àti iná pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ omi yín kì í bá ṣiṣẹ́ láìsí iná, ẹ rí i pé táǹkì kún ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó fi owó wọ Micra láti Ọjọ́ọ̀ dé Bódìjà kò yẹ kó dé kó wá jókòó de NẸ́PÀ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gba àgbàlagbà

Ẹ má gba ọmọdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, ó sì ka fífi ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tó yàtọ̀ sí ilé tàbí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ léèwọ̀. Èkó ṣe tiwọn ní 2007. Òfin tó de kíkó èèyàn ṣòwò, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 síṣẹ́ ilé lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ó sì lè tó ọdún méje. Àjọ NAPTIP ló ń mójú tó o.

Ẹnì kan lè ní ìyà ló ń jẹ ọmọ náà lábúlé, àánú ló ṣe òun. Bí àánú bá ṣe yín, ẹ san owó iléèwé rẹ̀ kí ó dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ tó ń nu ilẹ̀ yín ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò sí ní kíláàsì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tí ẹ ó ti wá a

Ẹnu aládùúgbò ló dára jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ máa ń mọ́, ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ásàlátù, lọ́wọ́ màmá tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì yín. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ara wọn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kún yóò júwe ẹnì kejì.

Bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́: owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ éjẹ́ǹtì kọjá. Owó tí éjẹ́ǹtì fẹ́ gbà, ẹ san án lẹ́ẹ̀kan fún un, ẹ gba rìsíìtì, ó parí. Àwọn éjẹ́ǹtì kan wà tí wọ́n máa ń gba owó ọ̀pọ̀ oṣù jẹ kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó fojú kan kọ́bọ̀. Éjẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ má bá òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ owó fúnra yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìfọ̀rọ̀wérọ̀, onídùúró àti ọjọ́ ìdánwò

Ẹ pè é wá sílé, ẹ fún un ní ìjókòó àti omi. Ẹ bi í léèrè irú ilé tó ti ṣe rí, ìdí tó fi kúrò níbẹ̀, ọjọ́ tó lè wá, ọjọ́ tí kò lè wá, bóyá èéfín ọṣẹ kan máa ń dí i ní àyà. Ẹ jẹ́ kí òun náà bi yín. Ẹni tó béèrè pé "ṣé ẹ ní ajá?" tàbí "èèyàn mélòó ló ń lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan?" mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà NIN rẹ̀ tó jẹ́ díjíìtì 11 sílẹ̀, ẹ dá káàdì rẹ̀ padà fún un. Ẹ má gba káàdì èèyàn tọ́jú bí ohun ìdógò. Ẹ ní kó mú onídùúró kan wá, ẹni tó ní àdírẹ́sì tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, kí ẹ sì dé ibẹ̀ lóòótọ́. Ẹ pe ilé tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó ń tú ọ̀rọ̀: "Bó bá padà wá lónìí, ṣé ẹ ó gbà á?"

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọjọ́ ìdánwò kan. Kí ẹ san owó ọjọ́ yẹn àti owó ọkọ̀ rẹ̀, ì báà wù yín tàbí kó má wù yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Owó

Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà láti 2024 ni ₦70,000. Ní 2024 yẹn, Èkó kéde ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ ìjọba wọn, Ọ̀yọ́ kéde ₦80,000. Òfin tó dá owó oṣù tó kéré jù lọ yìí kò fi tipátipá mú ilé kọ̀ọ̀kan tó ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tó bá san ohun tó kéré sí i ń fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ṣe.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Ẹ pín ₦80,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, ọjọ́ kan ń lọ sí bíi ₦3,636. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń wá bíi ìgbà 9 lóṣù, ìyẹn bíi ₦32,700. Ẹ wá fi owó ọkọ̀ lé e, àlọ àti àbọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ́tò ṣe ń gbà á lónìí, kì í ṣe bí ẹ ṣe rántí rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, tó ti ṣe é pẹ́, tàbí tí ilé yín tóbi fún, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó epo bá gbéra, owó ọkọ̀ rẹ̀ náà gbéra, ẹ má jẹ́ kó wá bẹ̀ yín.

Ẹ dá ọjọ́ sísan, kí ó má yẹ̀. Tíránsífà sí àkáǹtì òun fúnra rẹ̀ ló dára jù, nítorí àlẹ́ẹ̀tì ń ṣe ẹ̀rí fún ẹ̀yin méjèèjì. Bí owó ọwọ́ ló fẹ́, ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ̀yin méjèèjì ń fọwọ́ sí. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ẹ fún un lówó kó tó jáde lẹ́nu géètì. Àwọn Mùsùlùmí mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Àwọn kan ń rò pé ìwé àdéhùn fún ẹni tó ń gbálẹ̀ jẹ́ àṣejù. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, kò ka ẹni tí wọn kò gbà fún òwò ọ̀gá rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń pè ní òṣìṣẹ́, èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ààbò inú òfin náà fo ẹni tó ń tún ilé ṣe kọjá. Ìwé tí ẹ bá kọ ni òfin tó wà láàárín yín.

Ojú ewé kan tó. Èdè Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́ bó bá jẹ́ òun ló gbọ́ jù. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì, ọjọ́ àti wákàtí iṣẹ́, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní ìgbésẹ̀ kìíní, owó iṣẹ́, owó ọkọ̀, ọjọ́ sísan, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá ṣàìsàn, bí ẹ bá rìnrìn àjò tí ẹ ní kó má wá, àti bí ọjọ́ iṣẹ́ bá bọ́ sí Iléyá tàbí Kérésì. Èrò mi ni pé bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní kó má wá, owó rẹ̀ dúró. Ó ti yọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ fún yín, kò lè tà á fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹ ka ìwé náà sókè sí i létí, pàápàá bí kò bá mọ̀wé kà, kí onídùúró rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀dà kan tiyín, ẹ̀dà kan tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ sáré lọ síbi iṣẹ́. Ẹ wà nílé. Ẹ mú àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì rìn yí ilé ká, kí ẹ máa fi ojú ibẹ̀ hàn án: abẹ́ sínìkì níbi tí aáyán ti ń jáde, ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì níbi tí ilà pupa omi kànga máa ń wà, orí fíríìjì, orí ilẹ̀kùn. Ẹ fi àwo tí ẹ jogún hàn án kí ẹ ní "èyí, èmi ni n ó máa fọ̀ ọ́."

Ẹ jẹ́ kó mọ ibi tí irinṣẹ́ wà, kó sì tó: ìgbálẹ̀, páákà, mọ́ọ̀pù méjì, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ìbọ̀wọ́, ìbomú, àkísà. Àkísà tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti ti ilé ìdáná kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Mọ́ọ̀pù tọ́ílẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ dé pálọ̀.

Òkè ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ló ń parí sí. Fáànù òkè lọ́wọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó nu tábìlì. Ọ̀nà kan wà tí eruku rẹ̀ kì í fi í dà sórí bẹ́ẹ̀dì: ẹ pa fáànù ní súwíìṣì, ẹ wá ìbòrí ìrọ̀rí àtijọ́, ẹ ki abẹ fáànù kan bọ inú rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń wọ inú ìbọ̀wọ́, ẹ di í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Inú àpò ìrọ̀rí ni gbogbo eruku náà yóò dà sí. Ẹ gbọn ọ́n síta, ó di ti abẹ kejì.

Orí àtẹ̀gùn ilé tó dúró gbọn-in tàbí àpótí onígi ni kí wọ́n dúró sí. Kí ẹnikẹ́ni má gun àga oníke.

Ìgbésẹ̀ 8: Kẹ́míkà

Ẹ kà á dáadáa, nítorí ó ń pani lára. Ẹ má ṣe da Hypo tàbí Jik pọ̀ mọ́ Harpic. Ásíìdì ló wà nínú Harpic tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bó bá pàdé Hypo tàbí Jik, gáàsì chlorine ni yóò jáde. Inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì kékeré tí fèrèsé rẹ̀ pa dé, ó ń ta ojú, ó ń fún àyà pọ̀, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà wọ́n pọ̀ nítorí wọ́n rò pé méjì yóò ní agbára ju ọ̀kan lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni náà jáde sí atẹ́gùn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé bó bá ṣeé ṣe láìmí in símú. Bí ikọ́ kò bá dá tàbí èémí ń ṣòro, ilé ìwòsàn ló kàn. Epo pupa mímu kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ má bu kẹ́míkà kankan sínú ike omi mímu tàbí ike ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ike tó bá wá. Bí òṣìṣẹ́ náà kò bá mọ̀wé kà, ẹ fi àmì pupa sí èyí tó jẹ́ ásíìdì, àmì búlúù sí èyí tó jẹ́ Hypo.

Ilẹ̀ tẹràsó àti mábù: ásíìdì ń jẹ òkúta inú wọn, ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá ń jẹ ẹ́. Ojú ibẹ̀ yóò ṣú, ọṣẹ kankan kò ní mú un padà, àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ dán an. Omi àti ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ló tó. Ìpalára yìí kì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́ bí onílé kò bá sọ fún un.

Oògùn apakòkòrò dichlorvos kò sí lára iṣẹ́ túnlé-ṣe. Ní 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n dẹ́kun títa ìgò kékeré 100ml rẹ̀. Ẹ má rán ẹni tó ń gbálẹ̀ pé kó fín in sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbésẹ̀ 9: Kọ́kọ́rọ́ àti nǹkan iyebíye

Ẹ tọ́jú wúrà àti owó sínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn ń gba òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìfura pẹ̀lú. Ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ títí ẹ ó fi mọ ara yín. Bí kámẹ́rà bá wà nílé, ẹ fi hàn án. Kí ó má sì sí ní bálùwẹ̀ tàbí ibi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Bí nǹkan bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ tú ilé yín. Ẹ bi àwọn ọmọ. Ẹ bi í léèrè níkọ̀kọ̀, láìpariwo. Ẹ má tú báàgì rẹ̀ níwájú mègáàdì, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má mú un búra. Ilé tó bá ti pe èèyàn ní olè, tí yẹtí tó sọnù náà sì jáde lábẹ́ tìmùtìmù ní ọjọ́ kejì, ìtìjú rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, ìròyìn rẹ̀ a sì ti gba gbogbo ẹsítéètì kan.

Ìgbésẹ̀ 10: Bí ẹ ó ṣe máa gbé pọ̀

Ẹni tó bá jù yín lọ, ẹ má pè é ní "ìwọ", ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sanwó. Màmá tàbí Àǹtí ni kí àwọn ọmọ máa pè é, kí wọ́n sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà tó bá wọlé. Kí wọ́n má sọ ilẹ̀ di ààtàn nítorí ẹnì kan ń bọ̀ wá gbá a.

Ẹ jẹ́ kó lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ń fọ̀. Mo mọ àwọn ilé tó kọ èyí, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ tó lè gbè wọ́n. Bó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ fún un lóúnjẹ ọ̀sán, oúnjẹ tí ẹ̀yin náà lè jẹ lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó ti ń kan, inú ike ìdọ̀tí ni ibùgbé rẹ̀.

Bí obìnrin ló ń wá, ẹ má ṣètò pé kó máa dá wà nílé pẹ̀lú ọkùnrin ilé. Bó bá fi ẹnì kan sùn pé ó fọwọ́ kan òun, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ì báà jẹ́ ọmọ yín.

Ohun tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ ọ́, láìsí àlejò níbẹ̀. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì yìí, ó ṣẹ́kù díẹ̀." Ẹ fi ibẹ̀ hàn án. "Ilé ò mọ́" kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Èyí tó bá sì ṣe dáadáa, ẹ sọ ọ́ jáde pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ 11: Bí nǹkan bá fọ́, bí ọwọ́ bá gé

Abọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ abọ́, àdánù onílé ni. Ẹ má yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ibi tí Labour Act dé pàápàá, agbanisíṣẹ́ kò lè dá a yọ bó ṣe wù ú. Àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kó ṣàìbìkítà, kí ọ̀gá ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Bó bá fara pa níbi iṣẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ ó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀yin lẹ ó sanwó, ọjọ́ tó fi ń sinmi kò sì gbọdọ̀ jẹ owó rẹ̀. Òfin Employees' Compensation Act ti 2010 dárúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá rẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó rí ìtọ́jú gbà. Ẹ ní àpótí ìtọ́jú kékeré nílé, ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún gíláàsì lúfà, kí owó ilé ìwòsàn tó di ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 12: Bí ẹ bá fẹ́ pínyà

Ẹ fún un ní ìkìlọ̀. Ìwọ̀n tó wà nínú Labour Act ṣeé mú lò: ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan, láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, láti ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ti lé ní ọdún márùn-ún, oṣù kan. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó wá mọ́ rárá, ẹ san owó àkókò ìkìlọ̀ náà fún un. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ san gbogbo owó tó kù lọ́jọ́ náà, ẹ má so ó mọ́ ẹjọ́ kankan.

Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kọ lẹ́tà fún un: iye ọdún tó lò, irú iṣẹ́ tó ṣe, ìdí tí ẹ fi pínyà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e bí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ bá pè.